Àwọn Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ tí Pascal Kọ

Ní ọdún tí owó sá kúrò ní Dubai, Pascal náà sá. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ sí iwájú pápákọ̀ òfurufú, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọmọlúàbí ni. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe wàhálà ìdágbére.

Ọ́fíìsì tó sá fi sílẹ̀ wà ní Al Rigga, lókè ilé oúnjẹ kan. Iṣẹ́ wọn ni láti ta ìsinmi orí kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Faransé fún àwọn tó ń gbé inú aṣálẹ̀. Àwọn mọ́kànlá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ìyà fi máa dẹ̀, ó ku méjì: Alfred, ará Goa tó ni ọ́fíìsì, àti Ọlábámijí, síkiọ́rítì tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Alfred lé gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́, ó wá fi ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe àìgbọ́n. Owó oṣù Ọlábámijí ló kéré jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Alfred dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo àpótí àtijọ́ tí kò rántí ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, o lọ yunifásítì, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Jọ́gíráfì ni mo kà."

"Jọ́gíráfì!" Alfred pàtẹ́wọ́. "Yalla, dìde. Lọ jókòó sórí àga Pascal."

Bí Ọlábámijí ṣe gba ìgbéga nìyẹn. Aṣọ síkiọ́rítì kò kúrò lọ́rùn rẹ̀, owó oṣù kò sì yí padà. Bí agogo ẹnu ọ̀nà bá dún, òun náà ni yóò dìde láti orí àga Pascal lọ ṣílẹ̀kùn.

Àwọn oníbàárà márùn-ún ló kù tí kò tíì gba owó wọn padà. Òṣìṣẹ́ báńkì ni wọ́n, tàbí kí a sọ pé wọ́n ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún gun kẹ̀kẹ́ ní àwọn abúlé Faransé, láìsí amọ̀nà, pẹ̀lú ìwé ọ̀nà nìkan. Ìwé náà ni wọn yóò so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìlà kọ̀ọ̀kan yóò sì sọ kìlómítà tí wọ́n dé àti apá ibi tí wọn yóò yà sí. Pascal ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, àfi ọjọ́ kẹta, ọjọ́ tí wọn yóò la igbó ńlá kan kọjá lẹ́yìn abúlé tó ń jẹ́ Saint-Lirac.

"Ìwọ ni yóò kọ ọjọ́ kẹta," ni Alfred wí. "Visa rẹ ń parí ní ìparí oṣù kẹwàá. Bí wọ́n bá lọ, tí wọ́n sì bọ̀ láìsí ẹjọ́, màá tún un ṣe. Bí mo bá gbọ́ ẹ̀sùn kan ṣoṣo, khalas, ó parí."

"Orúkọ ta ni kí n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, sà?"

"Pascal. Orúkọ Pascal ni wọ́n rà."

Ọlábámijí tẹ́ máàpù sílẹ̀. Kò dé Faransé rí. Kẹ̀kẹ́ tó gùn kẹ́yìn, ìdajì wákàtí ni ó fi yá a lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ kan ní Ìsẹ́yìn, sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni bíréèkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ máàpù kà. Ó wo àwọn ìlà òkè, ó mọ ibi tí àyà yóò ti já ènìyàn. Ó wo igbó náà: kìlómítà mọ́kàndínlógún, igi nìkan. Ó wo ọ̀nà ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá: ọ̀nà tó tẹ́jú, tó ní ilé epo mẹ́rin àti ìsọ̀ fọkanáísà kan. Ó ṣe ohun tí ọmọlúàbí èyíkéyìí yóò ṣe fún àlejò. Ó yọ igbó náà kúrò.

Alfred kà á tán, ó tún un kà.

"Igbó dà?"

"Mo yọ ọ́, sà. Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Bí táyà bá bẹ́ ńkọ́? Bí ẹnìkan bá ṣubú?"

"Igbó yẹn gan-an ni wọ́n sanwó fún!"

"Ọ̀nà ńlá yìí ní ilé epo mẹ́rin, sà."

Alfred gbé orí lé tábìlì. Nígbà tó gbé e sókè, ó ní kó dá igbó náà padà.

Ọlábámijí ń gbé ní Al Nahda, lápá Sharjah, ní bedspace, yàrá kan tí àwọn mẹ́fà pín. Lọ́dún yẹn, bọ́ọ̀sì tó máa ń fi wákàtí méjì rìn wá ń fi ogójì ìṣẹ́jú dé ilé, nítorí àwọn tó ń dí ọ̀nà ti padà sí ìlú wọn. Gbogbo ènìyàn ní ohun tó dára tí àdánù yẹn ṣe fún un. Ẹni tó ń sùn ní àjà ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì alájà méjì tí wọ́n jọ ń lò ni Mùráínà, ọmọ Ìwéré tó ń gbé oúnjẹ ní ilé oúnjẹ kan, tí kì í sì í gbé ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná," ni Mùráínà wí nígbà tó gbọ́. "Wọ́n sanwó?"

"Wọ́n sanwó."

"Kí wọ́n lè fi kẹ̀kẹ́ gun òkè?"

"Òkè mẹ́ta."

"Nínú igbó?"

"Nínú igbó."

Mùráínà dùbúlẹ̀ gbalaja. "Ogún ọdún ni bàbá mi fi gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó láti Ìwéré dé Òkèehò. Lọ́fẹ̀ẹ́. A ò mọ̀ pé ìgbádùn ni bàbá ń jẹ. Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n á ro oko díẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá ṣì ní ilẹ̀."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ọlábámijí lọ sí etí òkun Al Mamzar, ó jókòó, ó ń wo àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ó rí i pé táyà wọn tín-ínrín bí ìka ọwọ́. Ó rí ọ̀kan tó kó sínú ìwọ̀nba iyanrìn tó sì ṣubú lulẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Ó padà sí ọ́fíìsì, ó pa gbogbo ọ̀nà erùpẹ̀ rẹ́ nínú igbó náà, ó fi àwọn oníbàárà sórí ọ̀nà ọlọ́dà.

Àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè rán àlejò wọ igbó láìsọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wo àwòrán igbó náà láti ojú ọ̀run lórí kọ̀ǹpútà, títí ó fi rí òrùlé kan ṣoṣo, ní kìlómítà kọkànlá. Nígbà tí Alfred jáde lọ jẹun, ó fi fóònù ọ́fíìsì pe ilé ìjọba ìbílẹ̀ Saint-Lirac. Faransé tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta ló fi bá wọn sọ̀rọ̀, akọ̀wé tó gbé fóònù sì ṣe sùúrù. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń gbé ibẹ̀. Olùṣọ́ igbó ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú.

Ohun tí Pascal kọ sí kìlómítà kọkànlá nìyí: "Ilé kan wà lọ́wọ́ òsì. Ìyá àgbà kan ló ń dá gbé níbẹ̀. Ẹ má ṣe kí i láti orí kẹ̀kẹ́. Gbogbo yín ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ béèrè bó ṣe jí kí ẹ tó béèrè ohunkóhun."

"Kí ni èyí?" ni Alfred bi í. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Faransé nìyí?"

"Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kíni, sà."

Alfred fẹ́ pa á rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti gba ìwé wọn. Ọlábámijí dìde láti orí àga Pascal, ó lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ìrìn-àjò náà, fóònù dún. Alfred gbé e. Ọlábámijí dúró, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ṣoṣo.

"Ó ṣubú? ... Èjìká? ... Nínú igbó?"

Alfred gbé fóònù sílẹ̀. "Ẹnìkan ti ṣubú nínú igbó rẹ."

Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, igbó Pascal ni.

Nígbà tó délé, Ọlábámijí fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn, ó lóyún oṣù mẹ́fà, ó sì ti sọ fún gbogbo ilé pé ọkọ òun ti di ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Ó bi Mùráínà pé kílò mélòó ni bàálù ń gbà.

"Bàálù kẹ̀?" ni Mùráínà wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀nà."

Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lé e ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má tíì di ẹrù. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ lé yín."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Ọlábámijí ṣílẹ̀kùn. Àwọn márààrún ni, ọ̀kan nínú wọn gbé apá kọ́rùn. Ọlábámijí rọra tẹ̀ ba, bó ti máa ń ṣe, ó ní, "Ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ jí ire?" Alfred ti dìde dúró, àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Níbo ni Pascal wà?" Obìnrin Òyìnbó kan tó ṣíwájú wọn ló béèrè. "A fẹ́ rí i."

"Pascal wà ní Faransé," ni Alfred dáhùn láìmí. "Ó ń wá ọ̀nà tuntun. Bí ẹ̀sùn bá wà..."

"Ẹ̀sùn wo?"

Ó wá ròyìn. Kìlómítà kẹwàá ni ọkùnrin tó gbé apá kọ́rùn ti ṣubú. Fóònù wọn kò gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n rọra gun kẹ̀kẹ́ dé ilé ọwọ́ òsì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kí ìyá àgbà náà bí ìwé ṣe wí, títí kan ẹni tí èjìká rẹ̀ ti yẹ̀. Ìyá náà wò wọ́n títí. Ó ní àwọn oníkẹ̀kẹ́ a máa pariwo "omi!" mọ́ òun láti ojú ọ̀nà, òun a sì máa ti ilẹ̀kùn. Ó gbé àga jáde. Ó pe dókítà lórí fóònù ilé rẹ̀. Ó se ọbẹ̀ fún wọn, wọ́n sì jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀. Ó wu ọ̀kan nínú wọn láti sunkún, ó sì sun ún.

"Mo mọ ará Faransé púpọ̀," ni obìnrin náà wí. "N kò rí èyí tó sọ fún mi rí pé kí n sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí n tó kí àgbà."

Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Ọlábámijí ṣì ti di ilẹ̀kùn mú.

"Ìwọ, ṣé o ti dé Faransé rí?"

Ikọ́ gbé Alfred. Ọlábámijí wo Alfred. Ó rántí àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Rárá o, mà."

Obìnrin náà wò ó díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀wù oníkẹ̀kẹ́ kan jáde nínú àpò, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ Saint-Lirac sí láyà. Kò gbé e sórí tábìlì Alfred. Ọwọ́ Ọlábámijí ló fi í sí.

"Fún ẹni tó kọ ọ́," ó wí, ó sì jáde.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, Alfred gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga Pascal. Ó ní kí àwọn oníbàárà lè máa rí i. Ó tún visa náà ṣe fún ọdún mẹ́ta, nítorí ènìyàn méjìlá mìíràn ti béèrè ọ̀nà Pascal. Síkiọ́rítì ni wọ́n ṣì kọ sí ibi iṣẹ́ nínú visa náà. Alfred ní kò yẹ kí àwọn máa da ìjọba láàmú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Mùráínà ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n fún yín?"

"Visa."

"Kí ni wọ́n fún Pascal?"

"Ẹ̀wù."

Mùráínà gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó rò ó. "Ẹ̀gbọ́n, Pascal kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà o."

Ọlábámijí ti tẹ́ máàpù tuntun sórí itan, igbó mìíràn ni, kìlómítà mẹ́rìnlélógún. Ó fi ìka tọ ojú ọ̀nà náà lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń wá àmì ilé kan ṣoṣo.