Àga Alága

Bọ́ọ̀sì ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Peckham ń wà. Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọdé lè pè é ní ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n bó bá wọ gbọ̀ngàn wa lọ́jọ́ Sunday, gbogbo wa á dìde. Àga yẹn nìkan ló ní ní London.

Òun ló kọ òfin ẹgbẹ́, ó sì wo ti ìjọba ilẹ̀ yìí kọ ọ́: ọmọ ẹgbẹ́ á dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án, ìgbìmọ̀ á fa alága yọ láàárín ara wọn, ọba wa nílé á kàn fọwọ́ sí i.

"Kì í ṣe ará ìlú ló ń yan prime minister," ló máa ń wí. "Àwọn aṣòfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé e dúró. Ọjọ́ tí wọ́n bá kẹ̀yìn sí i, ó parí."

Ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Kò mọ̀ ọ́n níkùn.

Nígbà tó lọ sin ìyá rẹ̀ nílé, àwa mẹ́jọ yòókù pàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ má bi mí pé kí ló ṣe. Ó máa ń bá wa wí lójú àwọn ọmọ wa; kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ mẹ́jọ lọ sókè pé ká yọ ọ́. Wọ́n ní kí n gorí àga. Èmi náà ni mo tẹ ìròyìn náà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Òkú ìyá rẹ̀ kò tíì wọlẹ̀.

Nígbà tó dé, kò wá sọ́dọ̀ ìkankan nínú wa. Ó ń ti Deptford lọ Sydenham, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ̀yin la mọ̀." Ó ka ìkíni sí ìbò.

Lọ́jọ́ Sunday, ó bá mi lórí àga.

"Dìde níbẹ̀, àbúrò. Gbogbo ìlú ló wà lẹ́yìn mi."

Àǹtí akápò bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé kì í ṣe gbogbo ìlú ló ń yàn! Ṣé ká kà á fún yín ni?"

Ó yíjú sí àwọn tó dọ̀bálẹ̀ fún un. Fóònù ni oníkálukú ń wò.

"Níbo wá ni kí n jókòó?"

"Níbi tí prime minister tí wọ́n yọ máa ń jókòó sí, sà," mo ní. "Ẹ̀yìn."

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ó lọ sẹ́yìn, ó rọra ká agbádá rẹ̀ jókòó.

Kó tó di pé a tú ká, ó nawọ́. Ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá a kẹ́dùn ìyá rẹ̀. Mo rí ọwọ́ náà dáadáa. Mo ní kí wọ́n ṣe àdúrà ìparí.