Epo Rọ̀bì Inú Kànga Wa

Òórùn kẹrosíìnì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Trikania, àdúgbò wa lókè Ọya. Ọyẹ́ mú débi pé ètè ń ya. Mo rò pé Ìyá mi ló da epo sítóòfù nù, àfi ìgbà tí mo fa omi nínú kànga wa tí mo rí i tó ń dán bí òṣùmàrè.

Bàbá mi, tí ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, ki ìwé bọ inú korobá tí mo fi fa omi náà, ó ṣáná sí i. Ó gbiná lójijì. "Alhamdulillahi! Epo rọ̀bì!" Ìyá mi ń pariwo pé irùngbọ̀n rẹ̀ ń jó, kò gbọ́. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ló wí, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́, kí ìjọba má baà gbà á.

Omi yẹn ló wá ń fi ṣe àlùwàlá, nítorí ìbùkún. Ní mọ́sáláásì, àwọn tó tò tì í bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Málàmù Sani, aládùúgbò wa, bi í pé, "Malam, kalanzir ka shafa ne?" ìyẹn ni pé, ṣé kẹrosíìnì ló fi para ni. Bàbá délé, ó ní ìlara ni. Èmi náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sọ fún tíṣà mi pé ọmọ elépo kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Pàṣán mẹ́fà ni mo jẹ.

Àmọ́ ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Ráfátù, àbúrò mi tí wọ́n ń fi omi náà wẹ̀, títí awọ rẹ̀ fi bó. Ẹ̀rín tán nílé. Ìyá mi gbé àpótí sídìí ògiri ẹ̀yìn, ó gùn ún, ó yọjú sí àgbàlá ọkùnrin kan tó ń fọ ọkọ̀ agbépo. Ìdọ̀tí epo ni wọ́n ń dà sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sídìí ògiri wa gan-an.

"Bàbá Sìkírá," Ìyá mi fi orúkọ mi pe Bàbá, "ẹ wá wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà."

Bàbá pẹ́ lórí àpótí náà. Nígbà tó lọ bá ọkùnrin náà, ọkùnrin náà ní kí Bàbá kàn gbẹ́ kànga rẹ̀ jìn sí i. Láti ọjọ́ náà, omi àwọn mérúwà tó ń ta omi kiri là ń rà.

Mo ti dàgbà, ọkùnrin náà ti kó lọ, páànù la fi bo kànga. Bí mo bá lọ kí Bàbá, mo máa ń ṣí i wò. Òórùn náà ṣì wà níbẹ̀, inú sì máa ń bí mi. Lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mi ò lè sùn, mo rò pé ìjọba á wá gba epo wa. Ní báyìí, lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí ìjọba pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wá gbà á. Ẹnì kankan ò tíì dáhùn.