Ẹni Tó Ń Tẹ Kíbọ́ọ̀dù Lẹ́yìn Mi

Mi ò mutí, mi ò sì sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòró, ní Dagenham nílùú òyìnbó níbí, lọ́sàn-án Sátidé.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì kan lẹ́yìn òpópónà Heathway. Àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé máa ń so bọ́tìnnì kan mọ́ ọrùn. Bí wọ́n bá ṣubú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ìpè wọn á sì gba orí sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba ìpè, wọlé. Bí sáfà ò bá gbà á, wọ́n á pè títí, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́.

Lọ́jọ́ yẹn, ètò tó ń gba ìpè ṣàdédé dúró. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. A ní script kan fún un, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé: èèyàn á tẹ orúkọ script náà sójú kọ̀ǹpútà, á tẹ Enter, ètò á tún bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò bẹ̀rẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Òfo.

Bọ̀dá Wálé, tó máa ń jókòó lẹ́yìn mi, ló kọ script yẹn, wọ́n sì ti kú láti ìgbà òtútù tó kọjá. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Bọ̀dá Wálé, ì bá ṣe pé ẹ wà ńbí."

Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbọ́ kíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn mi. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Bí ẹni tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Bí Bọ̀dá Wálé ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mo fẹ́ mọ̀. Mo yíjú.

Kò sẹ́nì kankan lórí àga wọn. A ti kó kọ̀ǹpútà wọn lọ tipẹ́. Kíbọ́ọ̀dù nìkan ló kù, wáyà rẹ̀ wà nílẹ̀, kò so mọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀ àwọn lẹ́tà rẹ̀ ń wọlẹ̀, wọ́n ń jáde.

Nígbà tí mo padà wo kọ̀ǹpútà tèmi, àṣẹ kan tí mi ò kọ wà níbẹ̀. Ètò ti ń ṣiṣẹ́.

Fóònù dún ní yàrá kejì. Àǹtí Bùkì, tó ń gba ìpè, gbé e. Màmá kan ló ṣubú sí balùwẹ̀ ní Thames View, ó ti tẹ bọ́tìnnì títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Áńbúláǹsì bá a láàyè.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Bùkì yọjú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ta ló ń wúkọ́ lọ́dọ̀ rẹ?"

"Èmi nìkan ni mo wà ńbí, ma."

Wọ́n wo àga yẹn. "Ikọ́ yẹn jọ ti Wálé." Wọn ò wọlé.

Títí dòní, mi ò yéé wádìí bí kíbọ́ọ̀dù tí kò so mọ́ nǹkan ṣe lè kọ̀wé. Àmọ́ ó ṣì máa ń dún, kódà nígbà tí nǹkan kan ò bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí iṣẹ́ bá ta kókó mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má pe orúkọ ẹni tó ti lọ. Ó lè dá yín lóhùn, ẹ ò sì ní mọ bí ẹ ó ṣe sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí.