Pèrègún Tí A Sún

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn omi ẹ̀gẹ́ kíkan tó ń ṣàn lábẹ́ àpò níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ní Lálùpọn, ẹsẹ̀ òsì mi a bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Òórùn yẹn ló wà lára aṣọ mi lọ́sàn-án tí ejò ṣán mi. Èmi nìkan ni mo lọ hú ẹ̀gẹ́ lóko wa. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀, ẹsẹ̀ sì ti wú. Ọ̀rẹ́ mi, èmi tí mo kàwé dé yunifásítì ń ké bí ewúrẹ́.

Ẹni kan ṣoṣo tó gba ibẹ̀ kọjá ni bàbá àgbà tó bá wa pààlà, lórí ọ̀kadà wọn tó ti gbó. Nígbà tí mo rí wọn, ojú tì mí. Lójò tó kọjá, èmi àti bàbá mi hú pèrègún ààlà, a sì lọ gbìn ín sínú ilẹ̀ wọn. Pèrègún kì í pẹ́ mú ilẹ̀. Kò pé oṣù mélòó kan tó fi dà bíi pé ibẹ̀ ló wà látayé àwọn baba wa. Ẹjọ́ ti dé iwájú baálẹ̀, kò sì sí ẹlẹ́rìí. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Wọ́n dúró, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀kalẹ̀.

"Bí mo bá gbé ẹ dé ọsibítù, ṣé wàá sọ fún baálẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ sún pèrègún yẹn?"

"Mo máa sọ, Bàbá. Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Má búra fún mi. Ta ni ejò máa ṣán tí kò ní búra? Wò mí lójú."

Mo wò wọ́n. Ẹ̀rù ojú wọn bà mí ju ti ejò lọ. Ohun tí mo máa ṣe lẹ́yìn tí ara mi bá yá ni wọ́n ń wá níbẹ̀, èmi fúnra mi kò sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n fi okùn ìdigi so mí mọ́ ẹ̀yìn ara wọn, a lọ.

Ara mi yá. Bàbá mi wá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo sọ ìlérí mi fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá yẹn ṣáà ti gbé ẹ wá. Bí o bá dákẹ́, ṣé wọ́n lè dá ẹ padà sẹ́nu ejò ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ bí mo ṣe ń rò ó tó, ibì kan náà ni mo ń bọ́ sí: ká ní irú ẹni tó máa dákẹ́ ni mí, bàbá àgbà yẹn ì bá ti rí i lójú mi, n kò sì ní sí lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ti ń gba ìmọ̀ràn.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, mo dìde, mo sọ ọ́. Bàbá mi kò bínú. Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n jáde, wọn ò sì pe orúkọ mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Níta, mo bi bàbá àgbà náà pé, "Ká ní ẹ ò rí i lójú mi pé màá sọ ọ́ ńkọ́?"

Wọ́n ń nu ìjókòó ọ̀kadà wọn. "Ǹ bá ti bá tèmi lọ."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ tí mo dìde níwájú baálẹ̀ ni mo tó kúrò nínú oko tí ejò ti ṣán mi yẹn. Bàbá mi ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.