Ọjọ́ Márùn-ún Ìyá Mi

Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo ti fi ara mi rín in tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe nínú ilé wa ní Akínyẹlé. Mo kọ láíbìrì kan, ìyẹn kóòdù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè mú lò láìtún un kọ, tó ń ṣírò ọjọ́ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á fún un ní ọjọ́ ọjà méjì tó tẹ̀ léra, á sì sọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi jìnnà síra. Àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, háà! Ọ̀kan fi òdo sí i. Ọjà aláìsùn wo nìyẹn? Inú bí mi, mo gbé ẹ̀ṣọ́ kan sínú kóòdù náà: bí ohun tí wọ́n kọ kò bá bára mu, kó dá iṣẹ́ dúró, kó kígbe ní lẹ́tà pupa. Ìgbà tí a bá ń dán kóòdù wò nìkan ló ń ṣọ́ wa. Nínú èyí tí a bá gbé fún aráàlú, kì í fọhùn.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ìyá mi ti ọjà ata rodo wọn dé, mo ní kí n ṣe wọ́n lóore. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà náà, mo bá fún kóòdù náà ní ọjọ́ ọjà òní àti ti èyí tó ṣáájú rẹ̀, mo sì kọ márùn-ún. Pupa! "Iye yìí kò bá ọjọ́ ọjà méjèèjì mu." Mo pòṣé. Èmi tí mo kọ ọ́, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ọjọ́ ọjà ìyá mi? Mo ṣe ti aráàlú, èyí tí ẹ̀ṣọ́ kì í pariwo nínú rẹ̀, mo gbé e sórí fóònù wọn, mo sì pe gbogbo ará ilé wá wò ó. "Ọjà tó ń bọ̀, Sátidé ni!" Ìyá mi wo fóònù, wọ́n wo ojú mi. "Alihamudulilai," ni wọ́n sọ.

Ní Jímọ̀, àwọn aládùúgbò gbé ẹrù lọ sọ́jà. Ìyá mi jókòó sílé. Ní Sátidé, wọ́n di apẹ̀rẹ̀ ata méjì sórí ọ̀kadà, ewúrẹ́ nìkan ni wọ́n bá lábẹ́ àtíbàbà. Kí ọjà mìíràn tó pé, ìdajì ata náà ti rà.

Mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi ìka kà á. Ọjọ́ tí a ná ọjà gan-an làwọn àgbà fi ń ṣe ení: Mọ́ńdè, Túsìdé, Wẹ́sìdé, Tọ́sìdé, Jímọ̀. Márùn-ún pé. Kọ̀ǹpútà kì í ka ti Mọ́ńdè mọ́ ọn. Mẹ́rin ló yẹ kí n kọ. Ẹ̀ṣọ́ mi sì ti sọ fún mi. Èmi àṣẹ̀ṣẹ̀yọ ọ̀gọ̀mọ̀ tó lóun ó kan ọ̀run! Ojú tì mí gan-an.

Mo lọ kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ forí jì mí."

"Mo mọ̀ pé Jímọ̀ ni," ni wọ́n wí, wọ́n ń ṣa ata tó ti rà kúrò. "Ọjà tí mo ti ń ná kí n tó bí ọ."

"Ẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ojú gbogbo ará ilé lo ti sọ ọ́. Ṣé kí n wá dójú tì ọ́ ni? Ata á tún so."

Ẹ̀rín ń pa mí, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé bí mo bá tún ṣìṣe, kí wọ́n pariwo mọ́ mi, ìbáà jẹ́ níwájú lèmọ́mù.

Wọ́n gbà. Lọ́jọ́ kejì, àlejò kún pálọ̀, mo ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Igbe ìyá mi ta lẹ́yìn mi: "Ó ti pọ̀ jù!"

Mi ò pòṣé. Mo dá ọwọ́ dúró.