Jàmíátù Kú sí Àárín Bodè, Wọ́n Ní Kò Níwèé Ìwọlé

Jàmíátù, obìnrin awakọ̀ ọ̀pẹ̀yìnbó tí gbogbo Gbégamey, àdúgbò wa ní Kútọnu, mọ̀, kú ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láàárín igi ìdènà tiwa àti igi ìdènà ti orílẹ̀-èdè olówó tó bá wa pààlà níhà ìlà-oòrùn, èyí tí àwọn olóṣèlú wa fẹ́ràn láti máa pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Ẹ bá mi kí ìjọba méjèèjì kú oríire o, nítorí ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, nínú òtẹ́ẹ̀lì kan tó tutù nini ní Kútọnu, àwọn aṣojú wọn ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Wọ́n ní lílọ bíbọ̀ èèyàn àti ẹrù láàárín wa ti dẹ̀rọ̀. Wọ́n fọwọ́ síwèé. Wọ́n jẹ ẹja yíyan.

Ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé mi. Ọmọ Ṣakété ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹbí ní kó ta bàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ọkùnrin náà fi ń kẹ́rù. Ó ní, "Kí n tà á tán kí n wá máa jẹ kí ni? Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á." Àwọn ọkùnrin ibùdókọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó fi ń fọn fèrè lé wọn kúrò lọ́nà. Ọdún mọ́kànlá ló fi kó ọ̀pẹ̀yìnbó láti àwọn oko òkè Abomey-Calavi lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ó máa ń gbóòórùn ìdí ọ̀pẹ̀yìnbó kó tó rà á. Èyí tó bá sì dùn jù nínú ẹrù, kì í tà á: aboyún tó bá kọ́kọ́ pàdé ló ń gbé e fún.

Ìgbìmọ̀ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè méjèèjì, àwọn tó ṣèpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn, mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè é wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹrù mi kì í ṣe irin. Ó ń jẹrà. Bí ẹ bá dá mi dúró lónìí, kí ni mo fẹ́ tà lọ́la?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bá a ya fọ́tò. Wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ náà tì títí di òní.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó dé bodè. Àwọn aṣọ́bodè wa lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀ pé ó ti jáde. Nígbà tó dé òdìkejì, wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n ti gbé òfin tuntun jáde láti ọjọ́ Ẹtì, kò sí ọ̀pẹ̀yìnbó tó gbọ́dọ̀ wọlé mọ́ láìsí ìwé àyẹ̀wò kan. Ta ni wọ́n sọ fún? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ṣẹ́rí padà. Àwọn tiwa ní ẹni tó ti jáde ti jáde, kò lè wọlé láìsí àṣẹ tuntun. Ó dúró sáàárín méjì fún ọjọ́ mẹ́ta, nínú oòrùn.

Mùílíù, awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìlà ọkọ̀ tó há síbẹ̀, ló ròyìn fún mi. "Omi ọ̀pẹ̀yìnbó ti ń ṣàn lábẹ́ ọkọ̀, eṣinṣin bò wá. Ló bá ní, 'Mùílíù, àyà ń dùn mí gan-an ni.' Mo sáré lọ bá awakọ̀ ańbúláńsì."

Bẹ́ẹ̀ ni, ańbúláńsì wà níbẹ̀! Ẹ̀bùn Ẹ̀gbọ́n ni, wọ́n kun àsíá méjèèjì sí i lára, ó ń dán gbinrin. Àmọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan àfi bí ọ̀gá ìhà méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Níbo ni ọ̀gá ti ìhà kejì wà? Ó ti lọ sí Kútọnu, níbi ìpàdé ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Mùílíù àti àwọn awakọ̀ yòókù gbé obìnrin náà lọ́wọ́, wọ́n ń sáré bọ̀ síhà ọ̀dọ̀ wa. Ó dákẹ́ kí wọ́n tó dé ìdí igi.

Wàsíù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, gbé aṣọ funfun dé kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, nítorí Mùsùlùmí ni, ó fẹ́ sin ín kílẹ̀ tó ṣú.

"Ìwé wa sọ pé ó ti jáde," aṣọ́bodè wa wí.

"Ìwé tiwa sọ pé kò wọlé," ti òdìkejì dáhùn.

"Ta ló wá ni ín, ẹ̀yin ọ̀gá?" Wàsíù bi wọ́n.

Wọ́n na fọ́ọ̀mù ẹrù wíwọlé sí i. Níbi tí wọ́n ti béèrè irú ẹrù, ó kọ "àbúrò mi" síbẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìwọ̀n ẹrù, ó gbé bírò sílẹ̀, ó sunkún.

Ọjọ́ mẹ́rin ni òkú náà fi wà níbẹ̀. Làtífátù ẹlẹ́ja, tí òun náà há sínú ìlà ọkọ̀ yẹn, ló kó yìnyín kúrò lórí ẹja rẹ̀, ó tò ó yí Jàmíátù ká. Ẹja rẹ̀ bàjẹ́ pátá. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè méjèèjì, òun nìkan ni mo rí tó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n tó yọ̀ǹda òkú, tí wọ́n sì gbé e lọ sin sí Ṣakété.

Ìgbìmọ̀ náà ti sọ̀rọ̀ o. Wọ́n ní "ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré kan" wáyé ní bodè, kò sì dí káràkátà lọ́wọ́. Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tó ní epo, tó ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ọ̀pẹ̀yìnbó opó kan ló ń bà á lẹ́rù. Àwọn tiwa ńkọ́, tí wọ́n ti èèyàn wọn mọ́ ìta kí inú Ẹ̀gbọ́n má baà bí? Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín nínú fọ́tò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ṣàrífátù ọmọ rẹ̀ bi mí pé, "Bàbá, ta ni mo máa lọ bá?" Nítorí náà ni mo ṣe ń béèrè ní gbangba: ta ló ṣe òfin ọjọ́ Ẹtì? Ta ló kọ̀ láti ṣí igi fún obìnrin tó ń kú lọ? Ta ló ní kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ẹrù gba òkú èèyàn? Ẹ má gbé òdòdó wá sí Gbégamey, ẹ má sì rán aṣojú. Orúkọ wọn la fẹ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde níhà méjèèjì, àti ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò dúró níwájú adájọ́.