Iyọ̀ Inú Abọ́ Bàbá Mi

Òórùn rọ́ọ̀bù ló máa ń jí mi. Tí bàbá mi bá ti kírun sùbáà tán, á jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi rọ́ọ̀bù pa orúnkún. Òórùn rẹ̀ á bá mi lórí ẹní, mo sì mọ̀ pé ìyà ti dé. "Rálíà, dìde, jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn." Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà yẹn, díẹ̀ ló sì máa ń kù kí n sunkún.

Télọ̀ ni bàbá mi, ní Ìtamágà, n'Ìkòròdú. Ìjókòó niṣẹ́ rẹ̀. Ó sanra, gbogbo àdúgbò ló sì ń yìn ín pé ara rẹ̀ ń dán. Àfi ìgbà tí orí fọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, tí nọ́ọ̀sì so nǹkan mọ́ ọn lápá, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ní kó máa lo oògùn, kó máa rìn, kí ìyá mi sì yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ṣubú lulẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, kò sì dìde mọ́. Ẹ̀rù ba bàbá mi gidi.

Láti Ìtamágà dé Gáréèjì, èmi àti òun, a ó fẹsẹ̀ rìn lọ, a ó rìn bọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ẹ ó rántí pé nígbà náà, ẹni tó bá lówó ọ̀kadà lọ́wọ́ kì í fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọlọ́kadà á dúró tì wá. "Bàbá Rálíà, ṣé kò sí nǹkan? Ẹ gùn ún jàre, ẹ san án lọ́la." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní ẹsẹ̀ òun lòun fẹ́ lò. Ojú máa ń tì mí débi pé n ó sá síwájú, n ó tún sá padà, ara mi ò lélẹ̀.

Ìkòkò méjì ló wá wà nídìí àdògán wa, tiwa àti tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá mi se ìkọ́kọrẹ́, mo tọ́ tirẹ̀ wò. Ó tẹ́ pátápátá. Bàbá mi tó fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́ ju ẹran Iléyá lọ ń gbé e mì bí ẹni ń gbé oògùn mì, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tí mò ń wọ́n ọn sínú abọ́ rẹ̀, tí mo sì ń rò ó pọ̀.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun tán. Ìyá mi ní ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà lọ yẹ ara rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ náà tún ti ru sí i. Nọ́ọ̀sì wo ìyá mi. "Màmá, ṣé ẹ ò fi iyọ̀ sí i?" Ìyá mi búra. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mò ń fi ẹsẹ̀ kan gun èkejì. Bàbá mi sọ ìrìn di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Mi ò lè jókòó ní kíláàsì mọ́, oorun ò kùn mí dáadáa. Síbẹ̀, mo kàn dín iyọ̀ náà kù ni, mi ò lè dá a dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítòsí Gáréèjì, bàbá mi dúró, ó ní apá òsì òun ti kú. Kí n tó mọ ohun tó ń sọ, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà tó máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ ló gbé e lọ sí ọsibítù, ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn, ó dì í mú. Mo sá tẹ̀ lé wọn títí èémí fi fẹ́ẹ̀ tán nínú mi.

Ìyá ìyá mi, tó ń yan ẹja tà ní Ẹ̀pẹ́, dé lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn, mò ń gbọ̀n. Ìyá mi gbọ́wọ́ sókè láti gbá mi létí, Ìyá Ẹ̀pẹ́ di ọwọ́ náà mú.

"Má nà án. Èmi náà wà níbẹ̀."

Gbogbo ẹja tó ń fi ránṣẹ́ sí wa, iyọ̀ ló ń fi pa á lára kó tó yan án. "Mo gbọ́ tí ẹ ní kí n má fi sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ẹja àtẹ́ fún àna mi? Wọ́n á ní mo rí wọn fín."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. "Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu láti ọjọ́ kìn-ín-ní," ó rọra sọ ọ́. "Ó dùn, òun ni mo ṣe dákẹ́."

Ìyá mi bú sẹ́kún.

Ó yè é. Ó rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ata àti efinrin ló sì fi ń jẹ oúnjẹ àtẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n apá òsì yẹn ò lè di aṣọ mú lábẹ́ ẹ̀rọ mọ́. Mi ò lè mọ̀ láé, iyọ̀ ta ló mú apá náà lọ.

Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé báyìí, ọ́fíìsì ni mo sì ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi. Mò ń rìn létí ọ̀sà lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò ní kí n dìde, mo sì rò pé mo ti gbọ́n ju ọmọ yẹn lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó wò mí lójú, ó bi mí bóyá mo fi iyọ̀ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn gbọ̀n, ó sì sọ òtítọ́. Èmi ní rárá, mo sì dìde nídìí oúnjẹ kó má baà bi mí lẹ́ẹ̀kejì.